Kẹ̀kẹ́ ológeere tọ́kùnbọ̀ tí mo rà ní Ìjẹ̀bú-Òde: oṣù mẹ́fà rèé, ẹ gbọ́ bó ṣe ń lọ

Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Méséèjì ti pọ̀ lórí fóònù mi, Àǹtí Tíṣà, kẹ̀kẹ́ tí a rí yín lórí ẹ̀ lánàá ńkọ́, ṣé ó ṣe é rà, èló ni, ṣé kò léwu báyìí, mo wá ní kí n kúkú jókòó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kí gbogbo wa jọ kà á. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo ń wí o, ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wà, kì í ṣe Márúwá. Oṣù mẹ́fà gbáko ni mo ti ń gùn ún láti Mọ̀lípà lọ sí ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní apá Ìjagun, òjò ti pa mí lórí ẹ̀, oòrùn ti pa mí lórí ẹ̀, mo ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ohun tí mo bá sọ níbí, ojú mi ló ṣe.

Owó ọkọ̀ ló lé mi débẹ̀. Ṣé ẹ rántí May 29, 2023 tí wọ́n kéde pé sọ́bùsídì orí epo ti lọ, epo tí lítà ẹ̀ ò tó ₦200 bọ́ sí orí ₦500 kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, nígbà tó fi máa di July ó ti kọjá ₦600, àtìgbà náà ni owó ọkọ̀ ò ti fẹ́ sọ̀kalẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ méjì ni mo máa ń wọ̀ lọ, méjì ni mo máa ń wọ̀ bọ̀, nígbà tí mo fi ra kẹ̀kẹ́ yìí ₦250 ni mo ń san lórí ìkọ̀ọ̀kan, ìyẹn jẹ́ ₦1,000 lójúmọ́, ẹ bá mi ṣe é ní ìlọ́po ọjọ́ 22 tí mo fi ń lọ síbi iṣẹ́ lóṣù, ₦22,000 ni. Owó oṣù tíṣà, ẹ mọ̀ ọ́n. Kẹ̀kẹ́ yìí, ₦90,000 ni mo rà á, mo tún ná nǹkan bíi ₦14,500 sí i lára, oṣù kárùn-ún ò tíì parí tó ti san owó ara ẹ̀ padà. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Ibi tí mo ti rà á, wọ́n ń ta ẹrù tọ́kùnbọ̀ ní ẹ̀bá títì Ìbàdàn Road, kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọdé, fírísà, bẹ́ẹ̀dì, oríṣiríṣi. Ọmọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ₦120,000, ó ní "Mummy, original ni o, ẹ ò ní rí irú ẹ̀ mọ́", a nájà nájà títí a fi gbà fún ara wa. Ọmọ náà ò yájú, ó gbà kí n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó sì gbà kí n gùn ún dé iwájú kí n padà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé tí mo bá débẹ̀ kí n gbé ẹ̀yìn ẹ̀ sókè kí n yí táyà kí n wò ó bóyá ó ń gbọ̀n jìgìjìgì, kí n fọwọ́ ra abẹ́ férémù níbi tí irin méjì ti pàdé kí n wò ó bóyá wọ́n ti jó o pọ̀ rí, torí férémù tó ti kán tí wọ́n fi wẹ́dà jó, ọjọ́ tó bá máa tún kán, ẹni tó wà lórí ẹ̀ ló máa jìyà ẹ̀. Tèmi ò kán. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé ó ní gbogbo gíà ló ń ṣiṣẹ́, irọ́ ni, méjì tó kẹ́yìn ò wọlé rárá títí mo fi gbé e lọ fún Bàbá tí mo máa sọ̀rọ̀ ẹ̀ nísàlẹ̀. Ìjókòó ẹ̀ náà ti ya, fóòmù ń yọjú. Tó bá sọ òótọ́ fún mi mi ò ní bínú, mo ṣì máa rà á.

Gíà 21 ni wọ́n sọ pé ó ní, mẹ́ta níwájú méje lẹ́yìn, ká sọ òótọ́ márùn-ún péré ni mo ń lò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iye gíà tan yín. Ohun tí ẹ nílò nínú ìlú wa yìí ni èyí tó máa gbé yín gun òkè láìsọ̀ kalẹ̀, torí ẹni tó ń wọ ọkọ̀ ò mọ̀ pé Ìjẹ̀bú-Òde lókè, ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ ló máa mọ̀. Gíà kékeré níwájú, ńlá lẹ́yìn, kí ẹ rọra máa wà á, kí ẹ má dìde dúró lórí ẹ̀, ẹ máa gòkè. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, itan mi ń ro mí bíi kí n ta á dànù. Ọ̀sẹ̀ kẹta mi ò mọ̀ ọ́n lára mọ́.

Ó kan bíréèkì. Tèmi ni èyí tí rọ́bà ẹ̀ máa ń fún irin táyà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó dáa ní ilẹ̀ gbígbẹ, àmọ́ tójò bá rọ̀, irin yẹn á tutù, ẹ ó fún bíréèkì kò ní mú, á dà bíi pé wọ́n fi ọṣẹ pa á. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọgbọ́n tí wọ́n kọ́ mi ni pé kí n ti máa fọwọ́ kàn án díẹ̀díẹ̀ kí n tó dé ibi tí mo ti fẹ́ dúró, kí rọ́bà nu omi kúrò lára irin ná, lẹ́yìn náà ó máa mú.

Ẹ jẹ́ n wá sọ̀rọ̀ Bàbá. Abẹ́ igi ni Bàbá yìí ń jókòó sí ní apá Ẹ̀pẹ́ Road, kò ní ṣọ́ọ̀bù, páànù mẹ́ta àti bẹ́ǹṣì kan, páńpù ẹlẹ́sẹ̀ kan, agolo kan tó kún fún nọ́ọ̀tì àti sípókù. Ẹ̀ẹ̀kan tí táyà ẹ̀yìn mi jò, mo tì í débẹ̀, mo ní Bàbá ẹ kú iṣẹ́, wọ́n ní "Àǹtí, ẹ kú ìrìn, ẹ jókòó". Wọn ò tú táyà kúrò lára kẹ̀kẹ́ pàápàá, wọ́n kàn fi ìdí ṣíbí méjì já ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan, wọ́n fa tíúbù yọ bí ẹni ń fa ìfun ẹran, wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, wọ́n wá ń rì í sínú abọ́ omi díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń yí i, wọn ò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń wo omi. Ibi tó ti hó pìlìpìlì wọ́n fi èékánná há ibẹ̀, wọ́n nu ún gbẹ, wọ́n fi sáńpépà fá a, wọ́n fi sòlúṣọ̀n pa á, wọ́n fẹ́ ẹ lẹ́nu kó lè gbẹ kí wọ́n tó lẹ rọ́bà mọ́ ọn. Mo ti rò pé ó ti tán, wọ́n ní rárá, wọ́n ki ìka méjì bọ inú táyà, wọ́n ń fi wá a yípo jẹ́jẹ́, wọ́n sì fa ẹ̀gún kan yọ tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Wọ́n ní "tí mo bá lẹ̀ ẹ́ tí mi ò yọ èyí, kí ẹ tó délé ẹ máa padà wá bá mi, ẹ ó ní n ò mọṣẹ́". ₦500 ni wọ́n gbà.

Bàbá yìí náà ló kọ́ mi pé ká yé fi óìlì dúdú tí mẹkáníìkì dà nù sára ṣéènì, torí ó nípọn, iyanrìn á lẹ̀ mọ́ ọn, á máa jẹ irin díẹ̀díẹ̀. Àkísà gbígbẹ ni kí ẹ fi nu ṣéènì tán, kí ẹ wá kán óìlì ìránṣọ lé e ní ẹ̀kán-ẹ̀kán, kí ẹ tún nu èyí tó bá ṣẹ́kù lójú ẹ̀. Wọ́n ní nígbà àwọn, kò sí tíṣà tí kò ní kẹ̀kẹ́, wolé-wolé ní, àwọn katikísì ní. Bàbá bàbá tèmi náà ní Ìperu, kẹ̀kẹ́ Raleigh ló fi ń kó obì lọ Ṣàgámù, apẹ̀rẹ̀ méjì lẹ́yìn, okùn rọ́bà, òru ló ń gbéra. Raleigh yẹn wà nínú yàrá ẹ̀yìn títí mo fi tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Kẹ̀kẹ́ kì í ṣe nǹkan àjèjì sí wa, àwa la fi í sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi gan-an ni mo ń bọ̀ lórí ẹ̀ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè ṣé kò léwu, kẹ̀kẹ́ ò léwu, ojú ọ̀nà ló léwu. Ẹ wo títì wa. Ọ̀dà dé ibi tó dé, lẹ́yìn ọ̀dà, ilẹ̀ ti jẹ lọ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan, lẹ́yìn ìyẹn gọ́tà tí kò ní ìdérí, lẹ́yìn gọ́tà tábìlì àwọn tó ń tajà, níbi tí tábìlì ò bá sí wọ́n ti páàkì mọ́tò sí i. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, níbo ni kó gbà? Àárín títì náà ni, òun àti tírélà. Láàárọ̀ tí mo bá ń lọ mo máa ń rí àwọn ọmọ ilé ìwé tí wọ́n tò lẹ́yìn ara wọn létí ọ̀dà, èyí tó dàgbà di ọwọ́ èyí tó kéré mú, ọkọ̀ ń sáré gba ẹ̀gbẹ́ etí wọn kọjá, tí ọ̀kan bá kọsẹ̀ sápá ọ̀tún gọ́tà ni, tó bá kọsẹ̀ sápá òsì ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ yẹn pọ̀ ju àwọn tó ń wa mọ́tò kọjá lọ, kí ẹ dúró níbẹ̀ ní aago méje àárọ̀ kí ẹ kà wọ́n, mo ti kà wọ́n. Àmọ́ àwọn tó wà nínú mọ́tò la la títì fún.

Ìṣubú tèmi náà, báyìí ló ṣe ṣẹlẹ̀. Jíìpù kan wá lẹ́yìn mi, ó fọn fèrè kíkankíkan, kò sí ibi tí mo fẹ́ yà sí, mo yà sétí, táyà iwájú bọ́ sí ibi tí ọ̀dà ti jẹ, kẹ̀kẹ́ dà mí sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. Orúnkún mi bó. Jíìpù ò dúró. Ìyá kan tó ń ta tòmátò ló sáré wá, wọ́n fi omi inú rọ́bà wẹ ẹsẹ̀ mi, wọ́n ní "pẹ̀lẹ́ ọmọ mi, ọkọ ẹ ò lè ra mọ́tò ni?" Àánú mi ló ṣe wọ́n tí wọ́n fi sọ ọ́, mo mọ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí dòní. Lójú wa, ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ rìn tàbí tó ń gun kẹ̀kẹ́, tálákà tí Ọlọ́run ò tíì bùkún ni, ẹni tí kò tíì dé ibi tó ń lọ láyé, kí ló dé tí ìjọba fi máa wá la ọ̀nà fún un? Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti wọ́.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ nínú ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní 2023 pé èèyàn mílíọ̀nù 1.19 ni jàǹbá ojú pópó ń pa lọ́dún, ó lé ní ìdajì wọn tó jẹ́ àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn, àwọn ológeere àtàwọn ọlọ́kadà. Wọ́n tún ní tí eré ọkọ̀ bá fi 1% péré lé, ewu kí jàǹbá ó pààyàn máa fi 4% lé. Ìyẹn ni pé bọ́ńpù kan tó bá mú kí ọkọ̀ rọra níwájú ilé ìwé, kì í ṣe pé wọ́n ń dí awakọ̀ lọ́wọ́, ẹ̀mí ọmọ ni wọ́n ń dá sí. Ní Stockholm ní 2020, àwọn ìjọba àgbáyé ti jọ fẹnu kò pé ibi tí ọkọ̀ àti èèyàn bá ti ń dàpọ̀, kí eré má ju kìlómítà 30 ní wákàtí kan. Níwájú ilé ìwé tiwa ńkọ́? Mo ti rí ọkọ̀ tó ń sáré bí ẹni tí ẹgbọrọ màlúù ń lé.

Àwọn kan máa sọ pé òyìnbó nìyẹn, àwọn ti fi kẹ̀kẹ́ ṣe àṣà wọn. Rárá o. Ní Netherlands tí gbogbo ayé ń wò báyìí, ní 1971 nìkan, ó lé ní 3,000 èèyàn tí mọ́tò pa lójú títì wọn, ó lé ní 400 tó jẹ́ ọmọdé nínú wọn, àwọn òbí ló bọ́ síta, wọ́n jókòó sójú títì, wọ́n ní ẹ má fi mọ́tò pa àwọn ọmọ wa mọ́, ariwo yẹn wà lára ohun tó bí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí ẹ ń rí lónìí. Tẹ́ ẹ bá ní òyìnbó ni wọ́n, Kigali ní Rwanda ńkọ́, láti 2016 ni wọ́n ti ń ya òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú sọ́tọ̀, wọ́n á ti títì ńlá kan pa mọ́ mọ́tò, tọmọdé tàgbà á máa rìn, á máa gun kẹ̀kẹ́. Bogotá ní Colombia ti ń ṣe irú ẹ̀ láti 1974. Èkó tó wà nítòsí wa níbí ti kọ ìlànà sílẹ̀ ní 2018 fún àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn àtàwọn ológeere, bí wọ́n ṣe ń mú un ṣẹ ni ká máa bi wọ́n, àmọ́ wọ́n ti kọ ọ́.

Àwa náà mọ̀ ọ́n ṣe. Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, ta ló ń wa mọ́tò wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ náà? Ẹsẹ̀ ni, ẹṣin ni, regbérégbé, ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà, ń jó lọ, àwọn màmá àgbà ń rìn pẹ̀lú ìró àti ìborùn, kò sí ẹni tó sọ pé tálákà ni wọ́n. Ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún ni èèyàn ń ni títì Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì ń wù mí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kẹ̀kẹ́ àti bọ́ọ̀sì ńkọ́? Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan, mo fẹ́ lọ Ìkẹ́nnẹ́ kí n máa gun kẹ̀kẹ́ kiri níbẹ̀. Ní gáréèjì, kọ́ńdọ́ ní òun ò lè gbé e, nígbà tó yá ó ní kí n san owó èèyàn kan sí i, mo san án, wọ́n fi okùn dè é mọ́ búùtù ẹ̀yìn, táyà iwájú yọ síta gbọrọ. A débẹ̀ láyọ̀, àmọ́ wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú la fi jókòó kí ọkọ̀ tó kún. Ìyẹn gan-an ló burú nínú ọkọ̀ èrò wa, ju ti ẹrù lọ, ẹ ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni aago tí ẹ máa débẹ̀, torí aago tí ọkọ̀ bá kún ni. Bọ́ọ̀sì BRT Èkó tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008 ní wàhálà tiẹ̀, ẹ ò gbọ́ kí n sọ pé kò ní, àmọ́ ó ní ọ̀nà tirẹ̀ àti ibùdókọ̀ tirẹ̀. Reluwé Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 2021, apá Abẹ́òkúta ló gbà, kò kan Ìjẹ̀bú, kò kan Rẹ́mọ. Bọ́ọ̀sì mélòó kan tó máa ń ṣí láago tí wọ́n dá, kún o, má kún o, láàárín Ìjẹ̀bú-Òde, Ìkẹ́nnẹ́ àti Ṣàgámù, ó tó láti yí ayé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ padà.

Ilẹ̀ yìí kan náà ló bí àwọn tó mọ̀ nípa ọ̀nà. Ṣóyínká tí baba ẹ̀ jẹ́ ará Ìsarà ni alága àkọ́kọ́ fún àjọ Road Safety nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1988. Awólọ́wọ̀ ará Ìkẹ́nnẹ́ ti fi mọ́tò ṣòwò rí, ó ti ṣe akọ̀wé fún ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ kó tó lọ kàwé lọ́yà ní London. Ẹ ò ní sọ pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà ò kàn wá.

Nítorí náà èmi àti àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kọ lẹ́tà, àwọn òbí fọwọ́ sí i, èèyàn 31, a gbé e lọ sí ọ́fíìsì kan tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ohun tí a béèrè ò pọ̀: kí wọ́n fi síláàbù bo gọ́tà láti ìkóríta dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, kí àwọn ọmọ rí ibi fẹsẹ̀ gbà, kí wọ́n ṣe bọ́ńpù méjì kí wọ́n sì fi ọ̀dà funfun kùn ún kó hàn lóru, kí wọ́n di etí títì tó ti jẹ. Wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i fún wa, wọ́n ní ká máa lọ, àwọn máa pè wá. Oṣù méjì rèé. Mọ́ńdè tó ń bọ̀ a máa padà lọ, àwọn ìyá ọjà náà ti ní àwọn máa bá wa lọ, ìyá onítòmátò yẹn wà lára wọn.

Tí mo bá ní kí n fún wọn ní máàkì nínú márùn-ún, kẹ̀kẹ́ gba mẹ́rin, ìjókòó àti gíà yẹn ló jẹ ẹyọ kan. Ẹni tó tà á gba mẹ́ta, torí irọ́ gíà. Bàbá gba márùn-ún, tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ mo máa fún wọn. Ojú ọ̀nà gba ọ̀kan, ìyẹn náà torí pé ibì kan wà lápá Ìjagun tí wọ́n fi àyè sílẹ̀ létí ẹ̀, ibẹ̀ nìkan ni ọkàn mi ti máa ń balẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ ra akoto orí mọ́ ọn, ẹ ra iná pupa tí wọ́n ń fi sẹ́yìn, ẹ má gun un lóru láìsí i. Ẹ̀yin obìnrin, ṣòkòtò tàbí yẹ̀rì tó gbòòrò ló dáa, kí ẹ fi rọ́bà so ẹsẹ̀ ṣòkòtò ọ̀tún kí ṣéènì má bàa gbé e. Tí ẹ bá fẹ́ kí Bàbá bá yín yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó, wọ́n máa ń wà níbẹ̀ láti aago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé, ẹ tètè dé torí tí oòrùn bá ti mú wọn a máa lọ jẹun, ẹ sọ pé Àǹtí Tíṣà ló ní kí ẹ wá.